Àwọn tó ń da mítìn àwọn olùtọ́jú ẹsẹ̀ rú: ìdáhùn mi fún àbúrò mi ní Peckham

Àbúrò mi kan kọ̀wé sí mi láti Peckham, ní London. Ó ní foot health practitioner lòun, ìyẹn olùtọ́jú ẹsẹ̀ tó kọ́ṣẹ́ láàárín oṣù mélòó kan, ọdún kẹfà rèé tóun ti ń gbé báàgì wọ ilé àwọn àgbàlagbà, tóun ń gé èékánná, tóun ń ha awọ líle kúrò ní gìgísẹ̀. Òun náà ló ń kó àwọn tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ jọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù nínú họ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì kan, wọ́n tó ogún, podiatrist, ìyẹn àwọn tó kàwé gboyè lórí ìtọ́jú ẹsẹ̀, wà níbẹ̀, foot health practitioner wà níbẹ̀, òyìnbó, Yorùbá, ará Gánà, ará Íńdíà. Ó ní láti bí oṣù mẹ́rin, èèyàn méjì ló fẹ́ tú ìpàdé yìí ká. Ọ̀kan jẹ́ podiatrist, tẹ́ni tí kì í ṣe podiatrist bá ti lanu báyìí, á ní "ṣé àwọn tó ń gé èékánná náà ló fẹ́ kọ́ wa níṣẹ́?", ó tiẹ̀ ti sín àbúrò mi jẹ lójú gbogbo wọn nítorí bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ òyìnbó lẹ́nu. Ẹni kejì ń ta epo kan tó ní ó ń wo èékánná tó bàjẹ́, kò sóhun tí wọ́n máa sọ tí kò ní fà á wá sórí epo ẹ̀. Ó wá bi mí pé: "Àǹtí, ṣé kí n lé wọn ni àbí kí n fi mítìn yìí sílẹ̀? Ó ti sú mi, èèyàn mẹ́ta ò wá mọ́."

Àbúrò mi, mo gbọ́ ẹ. Má tíì lé ẹnikẹ́ni, má sì fi mítìn sílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó o kọ, ibi tó dùn mí jù ni ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn, èèyàn mẹ́ta ò wá mọ́, o kàn sọ ọ́ kọjá bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí fún ẹ. Podiatrist lèmi, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe é nílùú yìí. Mítìn kan wà tí mo máa ń darí nígbà kan, irú tìẹ yìí náà ni. Bọ̀dá kan wà níbẹ̀ tó mọṣẹ́ gan-an, kò sí irọ́ ńbẹ̀, ẹnu ẹ̀ ló burú. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan dìde, foot health practitioner ni, ó ti kọ ohun tó fẹ́ bi wá sínú ìwé kékeré kan, mo ń wò ó bó ṣe ń fi ìka tẹ̀lé ìlà tó ń kà. Ó ní bàbá kan wà tóun máa ń lọ gé èékánná fún nílé, onítọ̀ ṣúgà ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá yẹn wú, ó sì gbóná, àmọ́ bàbá ní kò dun òun, ó ní òun rò pé ibi tóun ti kọsẹ̀ ni... Kò tíì parí ẹ̀ tí bọ̀dá wa fi bú sẹ́rìn-ín, ó ní "tó bá wú kó fi yìnyín sí i jàre, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà náà ti ń ṣe bíi dókítà." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo jẹ́ alága, èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tètè kọjá lọ ni. Ọmọ yẹn pa ìwé ẹ̀ dé, ó rọra jókòó. Kò bi wá ní nǹkan mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tó doṣù kejì kò wá.

Ìwọ tó ò ń ṣiṣẹ́ yìí ti mọ ohun tí ẹsẹ̀ tó wú, tó gbóná, tí kò sì dunni lè jẹ́ lára onítọ̀ ṣúgà. Charcot ni. Ìtọ̀ ṣúgà ti pa iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀, eegun ń sán nísàlẹ̀, onítọ̀hún kò mọ̀, ó ń rìn lórí ẹ̀, ó ń lọ sọ́jà, ó ń gun àtẹ̀gùn, eegun ń rún sí i, títí àárín àtẹ́lẹsẹ̀ á fi wó tá á wá yọ gọngọ sísàlẹ̀, tí egbò á sì jókòó síbi tó yọ yẹn. X-ray tí wọ́n bá yà níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ lè má fi nǹkan kan hàn. Tó o bá fi ẹ̀rọ wọn bí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣe gbóná sí, tí ọ̀kan fi dígírì 2 ju èkejì lọ, má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ níbí, gbé jáde ní 2015 sọ pé kódà tí kò bá dun ún, tẹ́sẹ̀ náà ò sì tíì wọ́, kẹ́ ẹ fura sí i, kẹ́ ẹ darí ẹni náà sọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sẹ́sẹ̀ onítọ̀ ṣúgà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo, kó má sì fẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ títí wọ́n á fi rí i. POP ni wọ́n máa ń fi sí i, ó sì lè wà níbẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni mo pàdé ọmọ yẹn nínú bọ́ọ̀sì. Mo bi í léèrè bàbá yẹn. Ó ní wọ́n padà gbé e dé hòsípítù, àmọ́ ó ti pẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti yí padà, bàtà tí wọ́n ń tà lọ́jà ò wọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n ní láti rán tiẹ̀ fún un ni. Ó wá wò mí, ó ní "Àǹtí, ohun tí mo fẹ́ bi yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn." Mi ò rí nǹkan sọ. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ sí ẹ yìí, ojú ṣì ń tì mí.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ka àwọn tó ń da irú mítìn yìí rú sí aláwàdà tó kọjá àyè ẹ̀. Èébú tó bú ẹ, ìwọ á gbàgbé ẹ̀ tó bá yá. Ẹsẹ̀ bàbá tí kò sí nínú yàrá yẹn lọ̀rọ̀ náà ba jẹ́. Torí náà tó o bá fẹ́ mọ bí ìdàrúdàpọ̀ ṣe pọ̀ tó, má wo ẹni tó ń pariwo, wo ẹni tó ti dákẹ́. Ta ló máa ń béèrè nǹkan níbẹ̀rẹ̀ ọdún tí kì í béèrè mọ́? Ta ló ń dúró dìgbà tí mítìn bá parí kó tó wá sọ ọ̀rọ̀ sí ẹ létí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn? Tó o bá ti mọ ìyẹn, wàá mọ̀ bóyá àríyànjiyàn lásán lẹ̀ ń ṣe, èyí tó dáa, àbí ẹnì kan ti ń di àwọn yòókù lẹ́nu.

Ká wá sọ òótọ́ nípa bọ̀dá podiatrist yìí, torí ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ̀ jóòótọ́, tó ò bá sì gbà fún un níbi tó ti jàre, kò ní gbà fún ẹ níbi tó ti jẹ̀bi. Nílẹ̀ UK, orúkọ méjì lòfin dì mú, podiatrist àti chiropodist tó jẹ́ orúkọ àtijọ́ fún iṣẹ́ kan náà. Ẹni tórúkọ ẹ̀ ò bá sí nínú ríjísítà HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ìlera sílẹ̀, ò gbọdọ̀ fi èyíkéyìí nínú méjèèjì tan aráàlú jẹ, ọ̀daràn nirú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú òfin. Àmọ́ orúkọ lòfin dì mú o, kò di iṣẹ́ mú, kò sófin tó ní kó o má gé èékánná tàbí kó o má ha awọ líle. Ìjà yìí sì ti pẹ́. Ní 1960 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣòfin tó ní kí wọ́n máa forúkọ àwọn chiropodist sílẹ̀, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ yẹn ni NHS, ètò ìlera ìjọba, ń gbà síṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá wù ṣì lè kọ chiropodist gàdàgbà sára ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mú un, bó sì ṣe wà nìyẹn fún ohun tó lé lógójì ọdún. Ìgbà tí ríjísítà tuntun wá ṣí ní 2003, wọ́n fún àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ lọ́dún méjì kí wọ́n fi hàn pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, nígbà tó di 2005 wọ́n tilẹ̀kùn. Àwọn tó ṣẹ́ kù síta ò fiṣẹ́ sílẹ̀, orúkọ míì ni wọ́n ń jẹ́, ibẹ̀ ni foot health practitioner ti gbilẹ̀. Àwọn kan wà lápá ọ̀hún tí inú ṣì ń bí pé wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ àwọn, àwọn kan wà lápá ìhín tó fi ọdún mẹ́ta ka dígírì ní yunifásítì, mẹ́rin ni tó bá jẹ́ Scotland, tí wọ́n ń sanwó ríjísítà, tí aráàlú ò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn àti ẹni tó kọ́ tiẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Inú họ́ọ̀lù ẹ ni gbogbo ẹ̀ ti wá ń hó jáde báyìí.

Nítorí náà ilé tìẹ ni kó o kọ́kọ́ gbá. Yẹ káàdì àwọn èèyàn ẹ wò. Tó bá ní ẹnikẹ́ni láàárín yín tó kọ chiropodist síbẹ̀ tí kò sí nínú ríjísítà, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó yọ ọ́ kúrò lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, ní mítìn tó ń bọ̀, kí oníkálùkù sọ orúkọ àti iṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe jẹ́ gan-an, podiatrist kó ní podiatrist, foot health practitioner kó ní foot health practitioner, kò sítìjú ńbẹ̀. O ti gba ẹgba tó fi ń nà yín lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn.

Kó o wá pè é lórí fóònù. Má kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ tá a kọ kì í ní ohùn, á kà á bó ṣe wù ú, á sì fi han ẹlòmíì. Má sì bá a wí níwájú èèyàn, àgbàlagbà tó o bá dójú tì lójú agbo ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́, ojú tó ń tì í nìkan lá máa rò. Ohun tí mo máa ń sọ rèé, mo ti sọ ọ́ fún ju ẹnì kan lọ: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọṣẹ́ ju púpọ̀ nínú wa lọ, ìdí tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ wà níbẹ̀ nìyẹn. Lóṣù tó kọjá, lágbájá fẹ́ béèrè nípa egbò kan, ẹ sọ báyìí báyìí, kò béèrè mọ́. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ni egbò yẹn, ẹ̀yin náà ò mọ̀. Mi ò fẹ́ kírú ẹ̀ wáyé mọ́." Kó o dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Jẹ́ kó sọ tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa kọ́kọ́ ta kú, kó tó wá rọlẹ̀, torí ẹni tó ti tọ́jú ẹsẹ̀ fún ọdún gbọọrọ mọ ohun tí egbò tí wọn ò tètè rí máa ń dà. Tí kò bá gbọ́ tìẹ, wá podiatrist kan tó bọ̀wọ̀ fún, kẹ́ ẹ jọ lọ bá a. Bá a bá fọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra, tó bá ti gbà pé òun ṣe é tó sì ti bẹ ẹni tó ṣẹ̀, fún un lógún ìṣẹ́jú kó kọ́ yín ní nǹkan, kó kọ́ yín bá a ṣe ń fi okùn tín-ín-rín oní gíráàmù 10 yẹn yẹ ìmọ̀lára ẹsẹ̀ wò, ibi tá a ti ń fi kàn án àtibi tá ò gbọdọ̀ fi kàn. Àwọn kan á sọ fún ẹ pé kó o kọ́kọ́ fi oyè dì í lẹ́nu, mi ò sí lára wọn. Kó tọrọ àforíjì ná.

Tó bá wá ń sín ẹ jẹ lórí bó o ṣe ń pe òyìnbó, ọ̀tọ̀ nìyẹn, ìyẹn ò ní fóònù, ojú ẹsẹ̀ ni. Máa sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, láìpariwo, pé "a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí," kó o sì máa bá ọ̀rọ̀ tó ò ń sọ lọ. Tó bá tún ṣe é lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ní kó máa lọ sílé. Kọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kọ ohun tó sọ gẹ́lẹ́, kọ àwọn tó gbọ́. Ìlànà ìwà HCPC tó bẹ̀rẹ̀ ní September 2024 ò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tanú ṣeré rárá, àwọn tó wà nínú ríjísítà ló sì dè. Mi ò ní kó o fẹjọ́ ẹ̀ sùn HCPC torí pé ó gbó sí ẹ lẹ́nu o, fún ẹ̀tanú tí kò jáwọ́ tàbí ohun tó lè pa aláìsàn lára nìyẹn wà fún, tó bá sì débẹ̀ má lọ́ra.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì jù bíbá a wí lọ ni ohun témi ò ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Tẹ́nì kan bá já lu ọ̀rọ̀ ẹni tó ń béèrè nǹkan, na ọwọ́ ẹ sókè, ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí," kó o wá kọjú sẹ́ni tó ń béèrè, kó o pè é lórúkọ, "ó kù ibi tẹ́sẹ̀ gbóná yẹn, máa sọ ọ́ lọ." Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Má jẹ́ kó jókòó láì parí ẹ̀, tó bá ti lè jókòó, ọ̀rọ̀ yẹn ti lọ nìyẹn.

Oní epo ò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ yan ìgbà fún ọjà, lẹ́yìn mítìn, lórí tábìlì kan lẹ́yìn, kẹ́ni tó ń tà á sì sọ ọ́ jáde pé owó lòun ń rí níbẹ̀. Nínú mítìn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa bi í, bẹ́ ẹ ṣe máa bi gbogbo èèyàn: kí la fi mọ̀? Kì í ṣe gbogbo èékánná tó nípọn tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ló ní fungus, bàtà tó ń fún un lè ṣe é, psoriasis, àìsàn awọ ara kan, lè ṣe é, ọjọ́ orí náà lè ṣe é, ìdí nìyẹn tá a fi ń gé díẹ̀ ránṣẹ́ sí láàbù. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sì máa ń tó ọdún kan sí ọdún kan àtààbọ̀ kó tó hù tán látìdí, torí náà ẹni tó bá ní epo òun sọ ọ́ dọ̀tun láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó wá ṣàlàyé ibi téékánná yẹn ti hù. Má jẹ́ kó rò pé torí òun nìkan lẹ ṣe ń béèrè o. Ìwádìí kan jáde níbí ní 2011 lórí verruca, ìyẹn wọ́nwọ́n tó máa ń yọ sátẹ́lẹsẹ̀, 240 èèyàn ni wọ́n kó jọ, wọ́n fi òtútù dì í fún àwọn kan, àwọn yòókù ń fi ásíìdì salicylic sí i, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá nǹkan bí mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún ló lọ lápá méjèèjì, ọgbọọgba. Èmi náà ti fi òtútù gbowó lọ́wọ́ àwọn èèyàn fọ́dún púpọ̀ kí n tó kà á, ó sì dùn mí. Ka ìyẹn fún wọn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìlànà yìí, kí gbogbo yín jọ gbé e mì kó tó kan oní epo. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti ní kó o dá a dúró kíá, tó bá ní kí wọ́n fi epo yẹn sójú egbò onítọ̀ ṣúgà. Ibẹ̀ ò gba sùúrù.

Ìlànà tí mo ń sọ yìí, má dá a kọ. Ẹ jọ kọ ọ́, má jẹ́ kó ju mẹ́rin lọ, torí ẹnikẹ́ni kì í ka mẹ́rìnlá. Kí àṣírí aláìsàn wà níbẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má gbé fọ́tò tójú, orúkọ tàbí àmì ara tèèyàn lè fi dá ẹni náà mọ̀ wá. Kó wà níbẹ̀ pé ẹni tí wọ́n bá kìlọ̀ fún lẹ́ẹ̀mejì tó tún ṣe é á lọ sinmi fún oṣù mẹ́fà, kó jẹ́ pé èèyàn méjì ló máa fọwọ́ sí lẹ́tà ẹ̀, ìwọ nìkan kọ́, kẹ́ ẹ sì má ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ létí ìjọ. Oṣù mẹ́fà ni mo sọ, mi ò sọ títí láé, torí iṣẹ́ yìí máa ń dá èèyàn wà gan-an. Inú ilé oníbàárà ẹni lèèyàn wà látàárọ̀ dalẹ́, orí ìkúnlẹ̀ ni, ẹ̀yìn ń dunni, kò sẹ́ni tí wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ iṣẹ́, àwọn míì tó wá ń pariwo lóṣooṣù, mítìn yẹn nìkan níbi tí wọ́n ti ń rí èèyàn bá sọ̀rọ̀. Mo ti rí èyí tó jẹ́ pé ìyàwó ẹ̀ ló kú. Ìyẹn ò ní kó o gbà fún un o, ó kàn ní kó o béèrè, "ṣé kò sí o?", kó o tó bá a wí.

Àmọ́ kó o tó pe bọ̀dá yẹn, kó o tó ṣe ìkankan nínú gbogbo èyí, àwọn mẹ́ta tí wọn ò wá mọ́ ni kó o kọ́kọ́ pè, lálẹ́ òní tó bá ṣeé ṣe. Má fi "ẹ padà wá" bẹ̀rẹ̀. Bẹ̀ wọ́n pé o ò gbèjà wọn, kó o wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ béèrè tí wọn ò béèrè. Tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ onítọ̀ ṣúgà ni, tó pọ́n, tó gbóná tàbí tó lójú egbò, sọ fún wọn kí wọ́n má dúró de mítìn, kí wọ́n pe àwọn tó ń rí sẹ́sẹ̀ onítọ̀ ṣúgà ládùúgbò aláìsàn yẹn tílẹ̀ bá ti mọ́. Tára ẹ̀ bá wá ń gbóná gan-an tàbí tẹ́sẹ̀ yẹn bá ti ń dúdú, kí wọ́n má dúró dàárọ̀, kí wọ́n jẹ́ kó lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, A&E lóru yẹn.